Ọjọ́ méjì ní Marseille pẹ̀lú màmá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Marseille ní Faransé. Ọ̀sán Sọ́ńdè la máa dé, àárọ̀ Túsìdeé la máa kúrò. Mucem, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí létí òkun lọ́dún 2013, kì í ṣí ní Túsìdeé, torí náà mo fi í sí Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n àwọn ère Áfíríkà tó wà ní Vieille Charité, ilé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, gan-an ni màmá fẹ́ rí. Àdúgbò Le Panier ló wà, òkè ni, àtẹ̀gùn sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé takisí lè gbé wa dé ẹnu ọ̀nà? Ṣé ọ̀sán Sọ́ńdè á tó? Mi ò fẹ́ kí wọ́n padà sílé láìrí i.