Ṣé àwòrán aró lè sọ bóyá iṣẹ́ abẹ yóò wúlò fún apá mi?

Apá Òsì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún 4 rèé tí wọ́n ti yọ kókó abíyá mi nítorí jẹjẹrẹ ọmú, ọdún 2 sì rèé tí apá náà ti ń wú. Òrùka ò wọ ìka mi mọ́. Láàárọ̀ ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn wọnú, á pẹ́ kó tó kún padà. Dókítà ní òun lè so iṣan lymph (iṣan tó ń fa omi ara) mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ fi ICG, ìyẹn aró kan tó máa ń tàn lójú kámẹ́rà, wò ó. Kí ni àwòrán yẹn fẹ́ sọ fún wa gan-an? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lásán.

Ẹsẹ̀ Ọ̀tún:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Mo ti ṣe é, ti ẹsẹ̀ ni tèmi. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ (ó ta mí, mi ò ní purọ́), wọ́n pa iná yàrá, ni mo bá rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú ẹ̀rọ tó ń gòkè bọ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ojúgun, ó fọ́n ká bí ìràwọ̀. Ibi tí ìlà bá ti gún régé, iṣan ibẹ̀ ṣì ń fa omi. Ibi tó ti fọ́n ká, omi ti ń ṣẹ́rí padà sínú awọ. Dókítà fi bírò tọ ìlà náà lára mi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti ṣú bí ìkùukùu láìsí ìlà kankan, ìsopọ̀ náà á ṣòro.

Nọ́ọ̀sì:
Òótọ́ ni, mà. Àmọ́ kámẹ́rà ICG kì í ríran kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sínú ara, iṣan tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní hàn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú apá yín, torí ìyẹn máa ń fi ọ̀rá hàn yàtọ̀ sí omi. Bí wíwú bá pẹ́, ọ̀rá á dì síbẹ̀, kò sì sí ìsopọ̀ iṣan tó lè fa ọ̀rá jáde. Fífa ọ̀rá nìkan ló kù nígbà náà, ẹ ó sì máa wọ aṣọ afúnpá lọ títí. Tiyín tó ṣì ń jìn wọnú, omi wà níbẹ̀, inú mi dùn sí i. Áyódìn wà nínú aró ICG; bí kì í bá bá ara yín mu, ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n tó gún yín.

Apá Òsì:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ méjì sílẹ̀ láti bi dókítà: ibo ni ìlà náà dé kó tó fọ́n ká, ọ̀rá tó wà níbẹ̀ sì ti pọ̀ tó báwo? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń lọ.