Orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn mi ń dàrú mọ́ òǹkàwé lójú

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà òǹkọ̀wé. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan tó wáyé nílẹ̀ Èkìtì nígbà ogun Kírìjì, láàárín ọdún 1877 sí 1893. Ọmọ ọba ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ìtàn náà dá lé lórí, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ wọ́n ní Adéwálé, Adéwọlé àti Adéwùmí. Nígbà tí àbúrò mi ka orí kẹta tán, ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, èwo gan-an ni ìbọn bà nínú wọn?” Ó dùn mí, torí oṣù méjì ni mo fi kọ orí ikú yẹn. N kò sì fẹ́ yọ Adé kúrò, nítorí òun ló ń fi ilé tí wọ́n ti wá hàn. Kí ni kí n ṣe?

Èsì kìíní
Ẹ má yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ta ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo? Bí àkọ́bí wọn bá mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni gbogbo agboolé yóò máa pè é. Bí èkejì bá dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, Àjàyí ni. Orúkọ àmútọ̀runwá kúrú, ìró wọn kò jọra, wọ́n sì ti sọ bí wọ́n ṣe bí ọmọ náà kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Ẹ fi orúkọ Adé pamọ́ di ọjọ́ tí àwọn afọbajẹ yóò pe àwọn ọmọ oyè jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ẹnikẹ́ni ní Ìdòwú láìjẹ́ pé ìbejì ṣáájú rẹ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí n pa ìwé dé.

Èsì kejì
Ẹ rántí àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ tó bá ìrísí onítọ̀hún mu. Eyínfúnjowó ni ìyá mi àgbà ń pe àbúrò ọkọ wọn títí wọ́n fi kú, bẹ́ẹ̀ eyín bàbá náà ti ká tán. Bí ìyàwó kan nínú ìtàn yín bá ń pe Adéwùmí ní Agùntáṣọọ́lò, òǹkàwé yóò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé mo lè sọ ọmọ Ìgè ní Olúwadámiláre?

Èsì kẹta
Rárá o, orúkọ òde òní nìyẹn. Ẹ wo Fábùnmi, akọni Òkèmẹsí nínú ogun náà gan-an: Ifá ló wà lórúkọ rẹ̀. Orúkọ òrìṣà tí ilé kan ń bọ ni wọ́n fi ń sọ ọmọ nígbà náà, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ìdílé ìyá ọmọ náà ń bọ.

Olùbéèrè
Babaláwo ni bàbá ìyá rẹ̀, nítorí náà Fágbèmí ni yóò máa jẹ́. Adéwọlé ti di Àjàyí láti alẹ́ àná, mo sì ti fi orí kẹta ránṣẹ́ sí àbúrò mi kí ó tún un kà.