Ìdáhùn sí «ìyanṣẹ́lódì ọ̀gá»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbá tó wọlé lánàá ni pé kí á máa pe «lockout», ìyẹn kí agbanisíṣẹ́ ti géètì mọ́ òṣìṣẹ́ síta, ní «ìyanṣẹ́lódì ọ̀gá» ní Yorùbá. N ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ wo «yan lódì». Òṣìṣẹ́ ló ni agbára ọwọ́ rẹ̀, òun ló lè bá iṣẹ́ yan odì. Ẹni tó fi àgádágodo sẹ́nu géètì kò bá iṣẹ́ yan odì, òṣìṣẹ́ ló lé. Owó sì wà nínú ìyàtọ̀ yìí. Abala 43 nínú Trade Disputes Act, òfin Nàìjíríà lórí aáwọ̀ iṣẹ́, sọ pé ẹni tó yanṣẹ́ lódì kò ní gba owó ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ti géètì mọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀, òǹkà ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì ní já.

Bó ṣe máa ń rí nìyí: òṣìṣẹ́ á darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, wọ́n á ní kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù wọn. Agbanisíṣẹ́ á gbé akọ̀wé wọn lọ sí ẹ̀ka tó jìnnà, á sọ àwọn mìíràn di kásúà, òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fìdí múlẹ̀. Bí wọn kò bá tú ká, á ti géètì, á wá kéde pé wọ́n yanṣẹ́ lódì. Òṣìṣẹ́ tó bá jókòó sílé lásìkò yìí ti sọ ẹ̀rí nù pé géètì ni wọ́n tì mọ́ òun. Kí wọ́n dé ẹnu géètì ní aago iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ orúkọ àti aago sínú ìwé tiwọn, kí wọ́n ya àwòrán àgádágodo àti ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara géètì.

«Ìtilẹ̀kùnmóṣìṣẹ́» ni mo dábàá. Ẹ má kọ «ìtìlẹ̀kùn» o: ohùn «tì» ń gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e. Ẹnìkan ní ó lè túmọ̀ sí pé wọ́n há wọn mọ́ inú. Rárá, «títi òṣìṣẹ́ mọ́lé» nìyẹn, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ rọ́bà tó jóná ní Ìkòròdú ní 2002.

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn, fúnra wọn ló kúrò nídìí iṣẹ́. Ohun tí àwọn àgbà yẹn fi ìgboyà ṣe, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ ta agbanisíṣẹ́ lọ́rẹ.

«Ọ̀gá» pàápàá kò bójú mu níbẹ̀. Ọ̀gá ni fóòmàn, owó oṣù lòun náà ń gbà.