Àbọ̀ lórí ìdun inú họ́sítẹ́ẹ̀lì: ohun tó ṣiṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi yín léèrè lóṣù tó kọjá bí a ṣe lè lé ìdun kúrò lára bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì àwọn ọmọ bọ́díǹ. Omi híhó ló ṣiṣẹ́ jù: a tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀, a da omi náà sí oríkèé irin àti ihò nọ́ọ̀tì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Oògùn tí a fín pa àwọn tó ti dàgbà, kò pa ẹyin. Ìdí nìyẹn tí a fi tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ 14. Sísá fóòmù sóòrùn nìkan kò tó, ooru kì í wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ó ku àpótí àti báàgì o: ìdun máa ń bá wọn padà láti ilé. A óò máa yẹ ẹrù àwọn ọmọ wò lẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìwọlé, tọkùnrin tobìnrin.