Ṣakí sí Mubi: ṣé lóòótọ́ ni wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 52?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àpẹtẹ̀ n'Ìbàdàn níbí ni mò ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe tíṣà ní Mubi, ní Adamawa. Ìyàwó ẹ̀ ti sún mọ́ àtibí, màmá wa ní Ṣakí sì ti di ẹrù: àwọn ló máa wẹ ọmọ. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, bọ́ọ̀sì ò ṣe é ṣe. Mo tẹ orúkọ ìlú méjèèjì sórí fóònù, ó ní nǹkan bí 1,100 kìlómítà ni, pé bàálù á fò ó ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 52. Mo ti sọ fún màmá pé wọ́n á jẹun àárọ̀ ní Ṣakí, wọ́n á jẹ tọ̀sán ní Mubi. Àmọ́ mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹ gbà mí o.

Wálé Sángo: Bàálù òru nìkan ló ń gbéra ní Ṣakí, àǹtí 😂

Ìyá Kòfo: Wálé, ìyá oníyàá lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Akin Tíkẹ́ẹ̀tì: Àǹtí, kò sí bàálù tó ń bà ní Ṣakí, kò sí ní Mubi. Fóònù yẹn ò wò bóyá bàálù wà. Ó kàn fa ìlà láti ìlú kan sí èkejì, bí ẹyẹ ṣe ń fò, ó wá fi eré bàálù pín in. Tí bàálù bá ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan, 1,100 á gbà á ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 22. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi lé e, ti gbígbéra àti bíbà ni. Ìṣirò lásán.

Bí yóò ṣe rí: màmá á gba Ìsẹ́yìn já sí Móníyà, wọ́n á sùn lọ́dọ̀ yín. Láti pápákọ̀ òfurufú Alákíà n'Ìbàdàn sí Abuja, nǹkan bí wákàtí kan. Abuja sí Yola, ó lé díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyè tó dáa wà láàárín méjèèjì o. Mo ti rí ẹni tí bàálù àárọ̀ rẹ̀ di ti ọ̀sán, tí ti Yola sì fi í sílẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ pé màmá máa nílò kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbàlagbà.

Ìyá Kòfo: Yola ni mo ti ṣe agùnbánirọ̀. Tí wọ́n bá bà síbẹ̀, ó ṣì ku nǹkan bí 200 kìlómítà lórí títì: Song, Gombi, Hong, kí wọ́n tó rí Mubi. Ẹ tún fi sọ́kàn pé aago kan náà la jọ ń lò, àmọ́ oòrùn Mubi máa ń wọ̀ ṣáájú ti Ṣakí ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin á ṣì máa rí oòrùn n'Ìbàdàn, ilẹ̀ á ti máa ṣú lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni pé oṣù kan ò pé tí wọ́n fi gba Mubi padà lọ́wọ́ Boko Haram ní 2014, ṣùgbọ́n èmi ò ní jẹ́ kí ìyá mi rin ọ̀nà yẹn lálẹ́. Kí wọ́n sùn ní Yola.

Ẹni tó béèrè: Áà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kà á fún màmá lórí fóònù. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé ṣé bàálù á gba ẹ̀lùbọ́.

Akin Tíkẹ́ẹ̀tì: Á gbà á. Ẹ wo iye kìló tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wọn ẹrù nílé. Epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Kí wọ́n ra ìyẹn ní Mubi.

Ẹni tó béèrè: Wọ́n ní epo tí àwọn ò mọ ẹni tó fún un kọ́ ni wọ́n máa fi se ọbẹ̀ ìkómọ 😩