Àtẹ̀jíṣẹ́ márùn-ún lóòjọ́: ẹ̀yin tí fóònù bá lé sìgá lọ, ẹ wá sọ tiyín

Awakọ̀ Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Níjẹta, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ lò tẹ́ ẹ fi rí sìgá fi sílẹ̀?" Mo ní àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Òun rò pé àgbo kan ni mo máa dárúkọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí náà dá sí i.

Ìparí ọdún 2008 ni. Mò ń wa bọ́ọ̀sì ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, páàkì kan ni mò ń mu lóòjọ́, 20 ẹyọ gbáko. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2007 ni wọ́n ti ka sìgá léèwọ̀ nínú ilé iṣẹ́ gbogbo ní England, torí náà ẹ̀yìn gáréèjì la ti máa ń fà á nínú òtútù, a óò ká jọ bí adìyẹ tí òjò pa. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí ìpolówó lára bọ́ọ̀sì tó dúró níwájú mi: wọ́n ń wá ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, tó sì ní fóònù. Mo pa èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo da ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ. Ká má purọ́, mo tún tan òmíràn kí n tó wọlé.

Ìwádìí ni. txt2stop ni wọ́n pè é. Àwọn olùwádìí London School of Hygiene & Tropical Medicine ló wà nídìí ẹ̀, èèyàn 5,800 ni wọ́n sì gbà jákèjádò Brítéènì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, awakọ̀ bíi tèmi, la jọ forúkọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń pín èèyàn sọ́nà méjì, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké. Ó ju èmi sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ márùn-ún lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26. Ó ju ọ̀rẹ́ mi sí òdìkejì: ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí kò sì sọ nǹkan kan nípa bí èèyàn ṣe ń jáwọ́. Ó ní, "Wọ́n kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáá ni, bí ẹni pé mo náwó fún wọn lóde."

Wọ́n ní kí n mú ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo mú Mọ́ńdè. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù ti dún: ọjọ́ pé, kí n kó gbogbo sìgá dà nù. Mo dà á nù. Nígbà tó fi máa di aago 11, mo ti ń wo bíìnì ìdíkọ̀ bí ọmọdé ṣe ń wo ìkòkò ẹran.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rèé o. Wọ́n ní tí òùngbẹ ẹ̀ bá ti ń gbẹ mí, kí n fi ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́: crave. Mo fi ránṣẹ́. Èsì dé kí n tó fi fóònù sápò: òùngbẹ yìí kì í sábà pé ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n wá nǹkan mu, kí n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá. Èmi tí mo ti mu sìgá fún ọdún 16, mi ò mọ̀ pé ó lópin! Mo ti gbà pé tí mi ò bá mu ún, ńṣe ni á máa le sí i títí máa fi ya wèrè. Mo ṣí fíláàsì tíì mi. Aago tó wà níwájú mi ní 11:12. Mo fẹnu kan tíì, mo gbé e sílẹ̀. 11:14, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí ìdérí fíláàsì. 11:16, bí òjò tó ṣú tí kò rọ̀, ó ti ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, níbi ìkómọ kan ní Woolwich, mo mu méje. Mo délé, ìyàwó mi gbóòórùn ẹ̀: "Mo ti mọ̀ pé ẹ ò ní lè ṣe é." Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n lọ gbààwẹ̀. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo fi "lapse" ránṣẹ́. Ohun tó wà nínú èsì wọn ni pé kí n má jẹ́ kó bà mí nínú jẹ́, kí n máa bá a lọ. Ẹ̀rọ ni, mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó síbì kan tó ń ro tèmi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ni kò bú mi, títí dòní ibẹ̀ ni mo gbà pé agbára ẹ̀ wà. Amusìgá wo ni kò mọ̀ pé sìgá ń pani? Wọ́n kọ ọ́ sára páàkì gàdàgbà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Oṣù mẹ́fà kò pé tí mo fi padà sídìí ẹ̀. Èsì ìwádìí náà jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2011: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ́dọ̀ tiwa, 10.7 ló pa sìgá tì fún oṣù mẹ́fà. Lọ́dọ̀ ti ọ̀rẹ́ mi, 4.9. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Ẹni tó bá ní òun ti jáwọ́, wọ́n á ní kó fi itọ́ ẹ̀ ránṣẹ́, torí pé ẹni tó bá mu sìgá, cotinine, ohun tí nicotine inú sìgá máa ń dà nínú ara, á wà nínú itọ́ ẹ̀. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, ó tó kí wọ́n yọ̀. Èmi ò sí nínú 10.7 yẹn. Ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló wà nínú 4.9! Itọ́ ẹ̀ ló jẹ́rìí. Ó ní ásímà ọmọ òun ló gba sìgá lọ́wọ́ òun, kì í ṣe ọpẹ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó wá di October 2012, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Stoptober, pé kí amusìgá jáwọ́ fún ọjọ́ 28 ná, mo lọ wá Nokia àtijọ́ yẹn jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo ki ṣájà elẹ́nu tín-ín-rín bọ̀ ọ́. Bíi 20 nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ń kà wọ́n bí ẹni ka Sáàmù, márùn-ún lóòjọ́, tí mo bá kà wọ́n tán, mo tún padà sí àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló dúró. Ẹ̀yin ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Houston

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lanu. Obìnrin ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, inú mọ́tò ni mo ti máa ń mu tèmi, màá yí gíláàsì sókè kí ẹnikẹ́ni má rí mi. SmokefreeTXT ni mo lò, ètò àtẹ̀jíṣẹ́ ti National Cancer Institute, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ. QUIT ni mo fi ránṣẹ́ sí 47848, ó parí. Tiwọn náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fèsì sí: CRAVE tí òùngbẹ bá dé, MOOD tí inú ẹ ò bá dùn, SLIP tó o bá ti mu ún.

Ẹ gbọ́ wàhálà tó kó bá mi. Màámi wá kí wa láti Iléṣà, wọ́n lo oṣù mẹ́ta. Fóònù mi á dún ní kùtù, á dún lọ́sàn-án, màá sáré gbé e, màá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n pè mí sí kíṣìnnì, ohùn wọn wálẹ̀ pátápátá: "Ta ni ọkùnrin yẹn?" Ọkùnrin wo? "Ẹni tó ń kí ẹ láàárọ̀ kí ọkọ ẹ tó jí."

Mo rò ó: kí n jẹ́ alágbèrè ni àbí kí n jẹ́ amusìgá? Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo túmọ̀ wọn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́ wọn lọ. Nígbà tó yá: "Ṣé sìgá nìkan náà ni? Ọlọ́run ṣeun." Látọjọ́ náà, tí fóònù bá ti dún, Màámi ló máa kọ́kọ́ pariwo láti pálọ̀: "Ọkọ àárọ̀ ti dé o, kí ló wí?"

Ará Manchester

Tèmi yàtọ̀ o. Gbogbo ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn bá wọlé ló ń rán mi létí sìgá tí mo ti gbàgbé. Mo wà ní ìpàdé, ọkàn mi ò sí níbẹ̀ rárá, gbàgà: ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́? Kò gbẹ mí tẹ́lẹ̀! Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo ní kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, tí nicotine wà nínú ẹ̀, ló gbà mí.

Ará Mọ́kọ́lá

Ní Ìbàdàn níbí, mi ò dúró de kọ̀ǹpútà kankan, èmi fúnra mi ni mo di kọ̀ǹpútà Bàbá mi. Wọ́n ti lé ní 70, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, wọn ò ka Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá lẹ́yọ, ṣùgbọ́n ẹyọ ni wọ́n ń tà ní ìsọ̀ tó wà níwájú ilé wa, wọ́n tiẹ̀ so láítà mọ́ okùn fún ẹni tó bá fẹ́ tan án níbẹ̀. Ẹyọ mẹ́fà ni ti Bàbá lóòjọ́, mo mọ wákàtí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà tán, mo fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Fóònù mi ò kí ń kọ àmì ohùn, báyìí ló ṣe lọ: "Baba e ma mu siga."

Mo délé lálẹ́, Bàbá jókòó síta, èéfín ń rú túú. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi ni?" Wọ́n ní, "Mo rí i. O ní kí n máa mu sìgá. Mo sì ń mu ún." Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n kà á sókè, wọ́n fa "máa" yẹn gùn bí okùn kànga. Àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò lè dìde.

Ohun tí ará Manchester sọ yìí lèmi náà wá rí. Mi ò dárúkọ sìgá mọ́. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún, màá kọ: "Baba se e ti jeun? Obi wa ninu duroo." Ó ti di ẹyọ méjì lóòjọ́.

Awakọ̀ Peckham

Ẹ̀rín tí mo rín, ìyàwó mi sáré wá wò mí. Ará Mọ́kọ́lá, ẹ bá mi kí Bàbá. Tó bá tún di mẹ́fà lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ sí wọn. Ẹ kàn béèrè bóyá wọ́n ti jẹun.

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ wo èyí tí Bàbá fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ọmọ ayálégbé ló bá wọn tẹ̀ ẹ́: "Mo mu eyo meta lana. Ma binu."

Mo ti ń wò ó láti aago mẹ́jọ, bóyá "má" ni àbí "máa".