Skansen ní Stockholm: ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀

Ìyá Ìbejì, Stockholm:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ Skansen ni mo gbé wá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbangba tó wà ní erékùṣù Djurgården, níbi tí wọ́n kó àwọn ilé àtijọ́ jọ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kó ọmọ lọ wo béárì àti ìkookò níbẹ̀, tí a sì padà sílé láìwọ inú ilé kankan. Àwọn ilé yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Artur Hazelius ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1891. Nígbà tó rìn dé agbègbè Dalarna ní 1872, ó rí i pé aṣọ àti ohun èlò àwọn ará oko ti ń pòórá, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n jọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra odidi ilé. Wọ́n á tú ilé igi palẹ̀, wọ́n á fi àmì sára ìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó o wá sí Stockholm, wọ́n á sì tún un tò bó ṣe wà. Ilé tó rà ní Mora ní 1885 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀. Lónìí, ilé tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 150, láti gúúsù Swídìn títí dé ilẹ̀ àwọn Sámi, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ apá àríwá.

Mo dúró pẹ́ ní agbo ilé oko Älvros, èyí tó wá láti agbègbè Härjedalen. Ilé kéékèèké ló yí àgbàlá ká, ti ènìyàn lọ́tọ̀, ti ẹran ọ̀sìn lọ́tọ̀, ti oúnjẹ lọ́tọ̀. Inú ilé ṣókùnkùn, torí fèrèsé ò tóbi. Arábìnrin kan tó wọ aṣọ ayé àtijọ́ ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ lójú ààrò, ó sì ń dá wa lóhùn bó ṣe ń ṣe é. Ó ní wọn kì í yan án lójoojúmọ́ láyé ọjọ́un. Bí wọ́n bá yan án, ó di oúnjẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, torí gbígbẹ tó gbẹ kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Mo bi í léèrè koríko tó wà lórí òrùlé. Ó ní èèpo igi birch ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí omi jò wọlé, koríko yẹn kàn ń tẹ èèpo náà mọ́lẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ilé àwọn statare ló mú mi lọ́kàn jù. Lébìrà oko ni statare. Ọkùnrin tó ti gbéyàwó á bá olóko ńlá ṣe àdéhùn ọdún kan, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n sì ń san fún un kì í ṣe owó. Wàrà ni, ọkà ni, pòtétò ni, igi ìdáná ni. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú àdéhùn náà. Dandan ni kó máa fún wàrà màlúù olóko ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Yàrá kan àti ilé ìdáná ni ìdílé kan ní, tèwe tàgbà. Bí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, ẹni tí àdéhùn rẹ̀ tán á di ẹrù, ó di oko ẹlòmíràn. Ọdún 1945 ni wọ́n tó fòpin sí i. 1945! Àwọn tí wọ́n bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mò ń tọ́jú sì sọ fún mi pé òun ò rántí ọjọ́ kan tí ọwọ́ ìyá òun kò wú. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ọmọ statare ni.

Àwa tí a dé Swídìn lẹ́yìn tó ti lówó, a máa ń rò pé bí wọ́n ṣe wà látayébáyé nìyí. Ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ìyàn mú níbí láàárín 1867 sí 1869, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń lọ èèpo igi mọ́ ìyẹ̀fun. Láàárín nǹkan bí 1850 sí 1930, bíi mílíọ̀nù 1.3 nínú wọn ló kó lọ sí Amẹ́ríkà. Inú mi dùn pé wọn ò fi ilé àwọn tálákà pa mọ́. Ìtọ́jú tí wọ́n fún ilé olówó ni wọ́n fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Östersund:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ní apá àríwá níbí, Jamtli ni a ní, òun náà jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbangba bíi Skansen. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn òṣèré máa ń wà nínú àwọn ilé náà, wọ́n á máa ṣe bí ará ayé ìgbà tí ilé náà wà. Ìyá kan pè mí wọlé, ó gbé garawa lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ pọn omi wá. Mo pọn ọ́n. Òun ló ṣàlàyé fäbod fún mi, ìyẹn abà inú igbó tí àwọn obìnrin máa ń kó màlúù àti ewúrẹ́ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí koríko ìtòsí ilé lè kù fún ìgbà òtútù. Àwọn obìnrin nìkan ló ń gbébẹ̀, wọ́n á máa ṣe wàràkàṣì àti bọ́tà. Ó wá fi ohùn òkè pe màlúù fún wa gbọ́. Kulning ni wọ́n ń pe ìpè yẹn. Ara mi bù máṣọ.

Bàbá Àgbà, Malmö:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti dé Skansen, mo sì ti dé Kulturen, irú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀ ní Lund, èyí tí wọ́n ṣí ní 1892. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Jos, mo rí irú rẹ̀ tiwa, níbi tí Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé ará Poland, ti ṣètò kí wọ́n mọ ẹ̀dà àwọn ilé àtijọ́ Nàìjíríà, mọ́ṣáláṣí Zaria wà lára wọn. Ìyàtọ̀ tí mo rí rèé: ilé igi ṣeé tú, ó ṣeé kó, ó ṣeé tò padà. Ilé amọ̀ kò ṣeé tú. Agbo ilé wa tí a bá ti wó, ó ti lọ nìyẹn, ẹ̀dà ló kù. Ibi tí ó wà náà ni ká ti tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí bí wọ́n ṣe wó agbo ilé bàbá mi, ojú mi ló ṣe.

Ẹ tún wo ilé tí àwọn Sámi ń kó oúnjẹ pamọ́ sí ní Skansen, ó dà bí àká wa, àmọ́ orí òpó kan ṣoṣo ló dúró lé, kí ẹranko igbó má baà gùn ún. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé láyé Hazelius, wọ́n mú ìdílé àwọn Sámi fúnra wọn wá gbébẹ̀, kí èrò máa wò wọ́n. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì, Stockholm:

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Èmi náà á sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kó lọ, torí ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n máa ń tì nígbà òtútù. Ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 7 máa ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà.